Láti Ọ̀tà dé Guangzhou: Bí Ọ̀nà Òfuurufú Ṣe Jìn Tó àti Wákàtí Tó Ń Gbà

Bí a bá fi ojú òfuurufú wọ̀n ọ́n, nǹkan bíi kìlómítà 11,700 ló wà láàárín Ọ̀tà ní Ìpínlẹ̀ Ògùn àti Guangzhou ní gúúsù orílẹ̀-èdè Ṣáínà. Gbogbo òbìrìkìtì ayé jẹ́ nǹkan bíi kìlómítà 40,000, nítorí náà ẹni tó bá rin àlọ nìkan ti rìn ju ìdá kan nínú mẹ́rin ayé lọ. Síbẹ̀, ọ̀nà náà kì í ṣe àjèjì sí àwọn tó ń ṣiṣẹ́ ní Ṣàngó-Ọ̀tà. Ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ tó ń yọ ike, tó ń tẹ páálí, tó ń rọ irin ní àwọn ilé-iṣẹ́ agbègbè náà, Ṣáínà ni wọ́n ti kó wọn wá. Ẹnjiníà tó wá tò wọ́n ń ti ibẹ̀ bọ̀. Oníṣòwò tó fẹ́ fi ojú ara rẹ̀ rí ọjà kó tó sanwó ń lọ síbẹ̀, pàápàá nígbà ìpàtẹ ọjà Canton Fair, tí wọ́n ti ń ṣe ní Guangzhou láti ọdún 1957, tó sì ń bẹ̀rẹ̀ ní oṣù Kẹrin àti oṣù Kẹwàá lọ́dọọdún.

Ohun méjì ni ẹni tó ń múra ìrìnàjò bẹ́ẹ̀ máa ń fẹ́ mọ̀: báwo ni ọ̀nà ṣe jìn tó, wákàtí mélòó ni yóò sì gbà? Ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé ìbéèrè kan náà ni méjèèjì, pé tí wọ́n bá ti mọ kìlómítà, wọ́n ti mọ wákàtí. Bẹ́ẹ̀ kọ́ ló rí. Kìlómítà tó wà láàárín ìlú méjì kì í yí padà. Wákàtí lè yí padà láàárọ̀ ọjọ́ tí ènìyàn fẹ́ gbéra.

Kìlómítà ló yẹ kí a kọ́kọ́ yanjú. Ibi tí ìlú kọ̀ọ̀kan wà lórí ayé ni ìṣirò rẹ̀ ti ń bẹ̀rẹ̀. Àwọn onímọ̀ ti fi ìlà ìbú àti ìlà òòró pín ayé sí dígírì. Ìlà ìbú ń sọ bí ibì kan ṣe jìnnà sí agbedeméjì ayé tó, ìlà òòró sì ń sọ bó ṣe jìnnà sí Greenwich, ní ẹ̀bá London, tó. Pápákọ̀ òfuurufú Murtala Muhammed ní Ìkẹjà, tó jẹ́ ti gbogbo ará Ọ̀tà tó bá fẹ́ rìnrìn-àjò lọ sí òkèèrè, wà ní nǹkan bíi dígírì 6 àbọ̀ sí àríwá agbedeméjì ayé àti dígírì 3 ó lé díẹ̀ sí ìlà-oòrùn Greenwich. Pápákọ̀ Baiyun ti Guangzhou wà ní dígírì 23 ó lé díẹ̀ sí àríwá àti dígírì 113 sí ìlà-oòrùn. Bí ó bá ṣeé ṣe fún ènìyàn láti dúró sí àárín gbùngbùn inú ayé, kó na ọwọ́ kan sí Ìkẹjà, kó na ọwọ́ kejì sí Guangzhou, àyè tí ọwọ́ méjèèjì fi yà sí ara wọn yóò jẹ́ nǹkan bíi dígírì 105 àbọ̀. Dígírì kan lórí òbìrìkìtì ayé jẹ́ kìlómítà 111. Ẹni tó bá sọ 105 àbọ̀ di ìlọ́po 111 ti rí 11,700 tí a kọ́kọ́ dárúkọ.

Ọ̀nà tó kúrú jù lọ yìí kì í ṣe èyí tí rúlà yóò fà lórí máàpù tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ògiri. Ayé rí róbótó. Bí ènìyàn bá fi ìkángun òwú kan sí ojú kan lára ọsàn, tó fa òwú náà le dé ojú mìíràn, òwú náà yóò wá ọ̀nà tó kúrú jù fúnra rẹ̀, ọ̀nà náà a sì tẹ̀ lé bí ara ọsàn ṣe yí. Ọ̀nà tí ọkọ̀ òfuurufú ń wá nìyẹn. Láti Ìkẹjà, ìlà náà gba gúúsù Àbújá díẹ̀, ó kọjá ní ẹ̀gbẹ́ Bauchi, ó kan N'Djamena tó jẹ́ olú-ìlú Chad, ó gba àríwá Sudan, ó sì ré Òkun Pupa kọjá ní òkè Port Sudan. Lẹ́yìn èyí, ó la àárín Saudi Arabia já, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ gba orí Dubai gan-an. Láti ibẹ̀ ó bọ́ sí Pakistan, ó kọjá nítòsí Agra ní Íńdíà, níbi tí Taj Mahal wà, ó gba ìsàlẹ̀ àwọn òkè Himalaya àti àríwá Myanmar kó tó máa rọra sọ̀ sí gúúsù wọ Guangzhou. Ohun ìyanu ni pé ìlà náà gòkè dé nǹkan bíi dígírì 27 sí àríwá, bẹ́ẹ̀ Guangzhou fúnra rẹ̀ kò kọjá 23.

Lórí máàpù pẹlẹbẹ tí wọ́n ń lò nílé ẹ̀kọ́, èyí tí ìlànà rẹ̀ ti ọwọ́ Gerardus Mercator wá ní ọdún 1569, rúlà yóò fa ìlà náà gba Gulf of Aden àti àárín gúúsù Íńdíà. Ní ìdajì ọ̀nà, ìlà rúlà àti ìlà òwú yóò ti fi ju kìlómítà 1,000 lọ jìnnà sí ara wọn. Síbẹ̀, ẹni tó bá gba ti rúlà kò ní pàdánù ju nǹkan bíi kìlómítà 190 lọ, nítorí pé kò sí èyí tó jìnnà púpọ̀ sí agbedeméjì ayé nínú Nàìjíríà àti gúúsù Ṣáínà. Láàárín àwọn ìlú tó wà lókè lọ́hùn-ún ní àríwá ayé ni máàpù pẹlẹbẹ ti ń ṣini lọ́nà jù.

Ọkọ̀ òfuurufú ńlá bíi Boeing 777 lè gbé epo tó lè gbé e láti Ìkẹjà dé Guangzhou láìbalẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ èrò ló ń gba ìlú kẹta, tí wọ́n ti ń bọ́ sínú ọkọ̀ mìíràn, ibẹ̀ sì ni mímọ ọ̀nà ti wúlò jù lọ fún ẹni tó ń ra tíkẹ́ẹ̀tì. Ẹni tó bá gba Dubai yóò fò ní nǹkan bíi kìlómítà 5,900 kó tó débẹ̀, yóò sì tún fò ní nǹkan bí 5,830 dé Guangzhou. Àròpọ̀ wọn kò fi ohun tó ṣeé kà ju ti ọ̀nà tààrà lọ, nítorí Dubai wà lójú ọ̀nà. Addis Ababa ní Ethiopia dà bíi pé ó yà sí gúúsù jù, ṣùgbọ́n ìyàtọ̀ rẹ̀ kéré: nǹkan bíi kìlómítà 3,920 dé Addis, 8,040 láti ibẹ̀ dé Guangzhou, àpapọ̀ jẹ́ nǹkan bí 11,960. Istanbul gbé e dé nǹkan bí 12,500. Ẹni tó bá gba London, bóyá nítorí pé ó ní ẹbí níbẹ̀ tó fẹ́ kí, yóò fò ní nǹkan bíi kìlómítà 14,500, ìyẹn ni pé ó fi nǹkan bí 2,800 kún ọ̀nà rẹ̀. Owó tíkẹ́ẹ̀tì kì í sábà tẹ̀ lé kìlómítà wọ̀nyí. Ọ̀nà tó gùn lè má wọ́n tó èyí tó kúrú, nítorí pé bí àga ọkọ̀ ṣe ń tà ló ń darí iye owó. Ara tó ń jókòó nínú ọkọ̀ ló ń san ti kìlómítà.

Láti sọ kìlómítà di wákàtí, ìṣirò kan wà tó rọrùn tí kì í sì í tan ènìyàn jìnnà. Ẹ fi 850 pín iye kìlómítà, kí ẹ sì fi ìdajì wákàtí kún un. Nígbà tí ọkọ̀ òfuurufú ńlá bá ti gòkè dé nǹkan bíi kìlómítà 10 sí 12, níbi tí afẹ́fẹ́ ti fẹ́lẹ́ tí kò sì fa ọkọ̀ sẹ́yìn púpọ̀, ó ń sáré nǹkan bíi kìlómítà 900 ní wákàtí kan. Ṣùgbọ́n kì í sáré bẹ́ẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ó ń rọra yípo nílẹ̀ kó tó dé ojú pápá, ó ń fi epo tó wúwo nínú rẹ̀ gòkè díẹ̀díẹ̀, ó sì ń dín eré kù kó tó balẹ̀. Ìdí nìyẹn tí 850 fi sún mọ́ òtítọ́ ju 900 lọ, tí ìdajì wákàtí sì fi wà nínú ìṣirò náà. Nípa báyìí, Ìkẹjà sí Addis Ababa yóò jẹ́ wákàtí 5 ó lé díẹ̀, Addis sí Guangzhou yóò jẹ́ nǹkan bíi wákàtí 10, Ìkẹjà sí Dubai yóò jẹ́ nǹkan bíi wákàtí 7 àbọ̀. Ìkẹjà sí London, tó jẹ́ kìlómítà 5,000, yóò jẹ́ wákàtí 6 àbọ̀ tàbí kó dín díẹ̀.

Ọ̀nà London yìí gan-an ló fi hàn kedere jù pé jíjìn ọ̀nà kọ́ ni pípẹ́ ọ̀nà. Ní àwọn ọdún 1950 àti 1960, ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá tó lọ kàwé ní ìlú Òyìnbó ló wọ ọkọ̀ ojú omi Aureol láàárín Èkó àti Liverpool. Nǹkan bí ọ̀sẹ̀ méjì ni ìrìnàjò náà ń gbà. Lónìí, ẹni tó bá wọ ọkọ̀ Air Peace, tó bẹ̀rẹ̀ sí í fò láti Èkó lọ sí Gatwick ní ọjọ́ 30 oṣù Kẹta ọdún 2024, yóò dé ìlú Òyìnbó láàárín wákàtí mélòó kan.

Ìṣirò 850 ní ọ̀tá kan, afẹ́fẹ́ ni. Ní òkè lọ́hùn-ún, odò afẹ́fẹ́ kan ń ṣàn láti ìwọ̀-oòrùn sí ìlà-oòrùn, eré rẹ̀ sì lè ju kìlómítà 150 lọ ní wákàtí kan. Ọkọ̀ tó bá ń lọ sí ìlà-oòrùn ń rí i lò, èyí tó ń lọ sí ìwọ̀-oòrùn ń bá a jà. Àwọn tó ń wọ ọkọ̀ Delta láàárín Èkó àti Atlanta mọ èyí dáadáa. Kìlómítà 9,400 ni àlọ, bẹ́ẹ̀ náà ni àbọ̀, ṣùgbọ́n àlọ sí Amẹ́ríkà sábà máa ń ju wákàtí 12 lọ, nígbà tí àbọ̀ wálé máa ń wà ní ìtòsí wákàtí 11. Ti Guangzhou jẹ́ òdìkejì èyí: àlọ ló ń yá, àbọ̀ ló ń pẹ́, pàápàá ní ìgbà òtútù tí afẹ́fẹ́ náà ń le sí i lókè Íńdíà àti gúúsù Ṣáínà. Ti London kò ní ìyàtọ̀ tó bẹ́ẹ̀, nítorí pé láti gúúsù sí àríwá ni ọ̀nà rẹ̀ lọ, ẹ̀gbẹ́ ni afẹ́fẹ́ náà ń gbà fẹ́ lu ọkọ̀.

Àwọn ìjọba pẹ̀lú ń sọ ọ̀nà di gígùn. Orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan ló ni òfuurufú tó wà lókè ilẹ̀ rẹ̀, kò sì sí ọkọ̀ tó gbọ́dọ̀ gba ibẹ̀ láìgbàṣẹ. Nígbà tí ogun bẹ́ sílẹ̀ ní Sudan ní oṣù Kẹrin ọdún 2023, wọ́n ti òfuurufú ibẹ̀ pa fún ọkọ̀ àwọn èrò, bẹ́ẹ̀ àárín ọ̀nà Ìkẹjà sí Dubai gan-an ni Sudan wà. Lóṣù Kẹjọ ọdún kan náà, lẹ́yìn tí àwọn ológun gba ìjọba ní Niger, wọ́n ti òfuurufú tiwọn náà pa títí di ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kẹsàn-án. Niger ni ẹnu ọ̀nà Nàìjíríà sí Sàhárà àti Yúróòpù. Fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, àwọn ọkọ̀ tó ń lọ sí London ní láti yà bàrá kí wọ́n tó lè gòkè, epo wọn ń jó sí i, àwọn èrò sì ń pẹ́ nínú ọkọ̀. London kò sún sẹ́yìn fún ẹsẹ̀ bàtà kan. Nígbà mìíràn, ọkọ̀ náà ni kì í sí: ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ òfuurufú Emirates ti Dubai dá fífò wá sí Nàìjíríà dúró ní ọdún 2022, kò sì padà wá sí Èkó títí di ọjọ́ kìíní oṣù Kẹwàá ọdún 2024. Fún gbogbo ìgbà yẹn, ọ̀nà Dubai tó tọ́ jù lọ sí Guangzhou wà níbẹ̀ lórí òbìrìkìtì ayé, ṣùgbọ́n ilé-iṣẹ́ tó gbajúmọ̀ jù lójú ọ̀nà náà kò gbé ará Ọ̀tà.

Gbogbo èyí ṣì jẹ́ ti ojú òfuurufú nìkan. Ẹni tó ń ti Ọ̀tà lọ ní ọ̀nà kan tó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ rìn, òun ló sì nira jù láti ṣírò. Bí ẹyẹ bá fò láti Ọ̀tà sí pápákọ̀ Ìkẹjà, kò ní ju nǹkan bíi kìlómítà 16 lọ. Ọkọ̀ òfuurufú tó ń sáré kìlómítà 900 ní wákàtí kan ń rin 15 ní ìṣẹ́jú kan. Ìṣẹ́jú kan ó lé díẹ̀, tí ó bá ti wà lókè, ni Ọ̀tà sí Ìkẹjà jẹ́ fún un. Ṣùgbọ́n láti Ṣàngó, ará Ọ̀tà yóò gba Tóògéètì, Alákukọ, Ìjàiyè, Abúlé-Ẹ̀gbá, Ìyànà-Ìpájà àti Dòpèmú kó tó rí Ìkẹjà. Ní àárọ̀ ọjọ́ Ìsinmi, ó lè fi wákàtí kan débẹ̀. Ní àárọ̀ ọjọ́ Ajé, tí àwọn tírélà ilé-iṣẹ́ bá wà lójú ọ̀nà tí omi òjò sì ti kún inú kòtò, súnkẹrẹ-fàkẹrẹ lè gba wákàtí mẹ́ta lọ́wọ́ rẹ̀, àkókò tí ọkọ̀ òfuurufú yóò fi rin kìlómítà 2,700. Kò sí àwíjàre kankan fún irú ọ̀nà bẹ́ẹ̀ láàárín ọ̀kan nínú àwọn agbègbè ilé-iṣẹ́ tó tóbi jù ní Nàìjíríà àti pápákọ̀ òfuurufú tó ń gbé èrò rẹ̀.

Reluwé ti mú ìrọ̀rùn díẹ̀ wá. Ọ̀nà reluwé Red Line ti Ìpínlẹ̀ Èkó, tí wọ́n ṣí ní ọjọ́ 29 oṣù Kejì ọdún 2024, tí ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í gbé èrò ní oṣù Kẹwàá ọdún náà, ń bẹ̀rẹ̀ ní Agbádò, tí kò jìnnà sí Ṣàngó, ó sì ń dúró ní Ìkẹjà. Ẹni tí ẹrù rẹ̀ kò pọ̀ lè fi í yẹ Abúlé-Ẹ̀gbá àti Ìyànà-Ìpájà sílẹ̀. Ìpínlẹ̀ Ògùn ti kọ́ pápákọ̀ òfuurufú tirẹ̀ sí agbègbè Ìlíṣàn àti Ìpẹru, ṣùgbọ́n ibẹ̀ fi ju kìlómítà 50 lọ jìnnà sí Ọ̀tà bí ẹyẹ ṣe ń fò. Ìkẹjà ṣì ni ti Ọ̀tà.

Ní pápákọ̀, wọ́n ń fẹ́ kí èrò tó ń lọ sí òkèèrè ti débẹ̀ ní wákàtí mẹ́ta ṣáájú. Ní ìlú tí wọ́n ti ń pààrọ̀ ọkọ̀, ìdúró lè jẹ́ wákàtí méjì, ó sì lè jẹ́ mẹ́wàá. Ibí yìí ni ẹni tó ń ra tíkẹ́ẹ̀tì gbọ́dọ̀ lajú sí. Nǹkan bíi kìlómítà 260 tí Addis fi gùn ju ọ̀nà tààrà lọ kò ju nǹkan bí ìṣẹ́jú 18 lọ lójú òfuurufú. Ìdúró wákàtí mẹ́wàá tí ènìyàn bá fojú fò lára tíkẹ́ẹ̀tì ni yóò bà á nínú jẹ́.

Aago pẹ̀lú máa ń da àwọn arìnrìn-àjò láàmú. Ayé ń yí dígírì 15 ní wákàtí kan, nítorí náà oòrùn ń yọ ní Guangzhou ṣáájú Ọ̀tà. Nàìjíríà fi wákàtí kan ṣáájú aago Greenwich, Ethiopia fi mẹ́ta, Dubai fi mẹ́rin, Ṣáínà, fún gbogbo fífẹ̀ rẹ̀, ń lo aago kan ṣoṣo tó fi mẹ́jọ ṣáájú. Aago tí wọ́n ń kọ sára tíkẹ́ẹ̀tì ni aago ìlú tí ọkọ̀ wà. Ká ní ẹnì kan gbéra ní Ìkẹjà ní aago méjì ọ̀sán ọjọ́ Ajé, tó fò fún wákàtí márùn-ún. Aago mẹ́sàn-án alẹ́ ni yóò bá ní Addis, kì í ṣe méje. Bó bá dúró fún wákàtí mẹ́ta, yóò gbéra ní aago méjìlá òru. Lẹ́yìn wákàtí mẹ́wàá, yóò balẹ̀ ní Guangzhou ní aago mẹ́ta ọ̀sán ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Ẹni tó bá kan ka aago yóò ní wákàtí 25 ni. Wákàtí 18 ni, nítorí pé aago mẹ́jọ àárọ̀ ló ṣẹ̀ṣẹ̀ lù ní Ọ̀tà. Nígbà tó bá ń padà bọ̀, wákàtí méje náà yóò padà sí ọwọ́ rẹ̀, ìrìnàjò yóò sì dà bíi pé ó kúrú ju bó ṣe gùn lọ. Ara kì í tètè gba àyípadà yìí. Ó sábà máa ń gba nǹkan bí ọjọ́ kan fún wákàtí kọ̀ọ̀kan kí oorun tó padà sí ipò, lílọ sí ìlà-oòrùn sì nira ju bíbọ̀ lọ. Ẹnjiníà tó bá dé láti Ṣáínà lánàá, tí wọ́n ní kó wá to ẹ̀rọ ní alẹ́ ní Ọ̀tà, òru ni ara rẹ̀ wà.

Ẹrù ń gba ọ̀nà méjì. Bẹ́líìtì, bíárìn àti pátákó iná tó ń darí ẹ̀rọ lè wọ inú ikùn ọkọ̀ òfuurufú kan náà tó ń gbé èrò, kí wọ́n dé ilé ìkẹ́rùsí NAHCO tàbí SAHCO ní Ìkẹjà láàárín ọjọ́ kan sí méjì, lẹ́yìn náà ó ku ti àwọn aṣọ́bodè. Ìdí tí ilé-iṣẹ́ fi ń san owó gọbọi fún ọ̀nà òfuurufú ni pé ẹ̀rọ tó dúró kò mú owó wọlé, bẹ́ẹ̀ owó oṣù òṣìṣẹ́ kò dúró. Ẹ̀rọ fúnra rẹ̀ àti àwọn àpò hóró ike tí wọ́n fi ń ṣe àga, kẹ́ẹ̀gì àti bọ́kẹ́ẹ̀tì kì í sábà gba òfuurufú. Ojú omi ni tiwọn, tó ń gba Singapore àti ìsàlẹ̀ Áfíríkà ní Cape of Good Hope, tó ju kìlómítà 17,000 lọ. Ọkọ̀ ojú omi tó ń rin nǹkan bíi kìlómítà 28 ní wákàtí kan yóò fi nǹkan bí ọjọ́ 26 rìn ín bí kò bá dúró níbì kankan, ṣùgbọ́n ó máa ń dúró ní èbúté púpọ̀, ìdí nìyẹn tí ó fi lè ju oṣù kan lọ dáadáa kí kọ̀nténà tó dé Àpápá, Tin Can tàbí Lẹ́kí, kí tírélà tó gbé e gba ọ̀nà Abúlé-Ẹ̀gbá wá sí Ọ̀tà.